Bọ́ọ̀lù Ọwọ́ Alàgbà

Gbogbo ẹni tó ń wá wòran ní pápá Becontree Heath ní London lọ́jọ́ Ìsinmi ló mọ̀ pé Bọ́ládé Adéyanjú gbọ́ bésíbọ́ọ̀lù dunjú. Ohun tí kò yé wọn ni nǹkan tó ń fi ìmọ̀ ọ̀hún ṣe. Òun ni mánéjà Heath Herons, ẹgbẹ́ tí ọmọ Yorùbá pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ọmọ Jàmáíkà méjì àti ará Poland kan sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú òyìnbó mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Láàárín ọ̀sẹ̀, lífíìtì ló ń tún ṣe nínú àwọn ilé gíga ní àdúgbò Abbey. Lífíìtì kì í há kó má mọ ohun tó ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá há lórí pápá, á kàn dúró máa wò ó ni.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, kò le. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, òun ni ajùbọ́ọ̀lù. Á máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú níwájú rẹ̀. Bí onígi bá gbá a, á sáré lọ sí ibùdó; bó bá yí ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká padà wálé, ayò kan nìyẹn. Bó bá gbá a tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Bí onígi mẹ́ta bá ti kú, ẹgbẹ́ kejì ló kàn láti di igi mú, bí méjèèjì bá ti di igi mú tán, abala kan nìyẹn, abala méje ni wọ́n sì ń ta ní Heath. Ṣùgbọ́n apá èèyàn kì í ṣe irin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ibì kan lẹ́bàá wáyà tó yí pápá ká, tí wọ́n ń pè ní búlúpẹ̀nì, níbi tí ajùbọ́ọ̀lù mìíràn ti ń na apá, tó ń retí kí wọ́n pe òun. Mánéjà ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò pè é. Á rìn lọ sórí òkìtì, á na ọwọ́, ẹni tó ti rẹ̀ á fi bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́, á sì lọ jókòó. Ó tán.

Ibi tó rọrùn yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ Bọ́ládé ti máa ń wọ́, nítorí pé ọwọ́ Alàgbà Èyítáyọ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń wà.

Alàgbà ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Òun ni tíṣà eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ tí Bọ́ládé lọ ní Abẹ́òkúta, láyé ìgbà tí ìpínlẹ̀ ń wá ọmọ tí yóò ta bésíbọ́ọ̀lù fún wọn níbi ìdíje, tí kò sì sí ẹni tó tíì fojú kan igi eré náà rí. Káfíńtà ló bá wọn gbẹ́ igi. Báàgì awọ àtijọ́ kan ni Alàgbà gé, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán di ìbọ̀wọ́ fún Bọ́ládé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Nígbà tí Bọ́ládé wá dé London, kò mọ ẹnì kankan àyàfi tíṣà rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló fi sùn ní pálọ̀ wọn ní Dagenham East, ìyàwó Alàgbà kò sì fajú ro sí i lọ́jọ́ kan. Alàgbà ló wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un, òun ló mú un dé ìjọ, òun ló dúró bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, Bọ́ládé kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ṣeré.

Ó dáa, ẹni tó ṣe irú èyí fúnni, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rìn lọ bá a lójú èrò, kó wá na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé kó mú nǹkan ọwọ́ rẹ̀ wá? Níbi tí wọ́n ti tọ́ Bọ́ládé, ọlọ́pàá àti agbowó-orí nìkan ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà báyẹn.

Alàgbà sì mọ bọ́ọ̀lù jù o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yára mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yà kúrò lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ onígi, onígi á wá na afẹ́fẹ́ lásán. Fún abala mẹ́rin, apá wọn kì í ká a. Tó bá di ìkarùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè wo oòrùn bí ẹni pé oòrùn ló ń bá a jà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àfi bíi pé Heath Herons ni wọ́n ń bá wí. Abala kẹfà ni gbogbo ayò tí wọ́n ti jẹ máa ń jò dànù.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, bákan náà ló sì ń ṣẹlẹ̀. Abala kẹfà á bẹ̀rẹ̀, àwọn onígi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù Alàgbà síbi tó wù wọ́n, Bọ́ládé á sì ránṣẹ́ sí Ọmọ́bọ́láńlé ní búlúpẹ̀nì pé kó máa gbóná. Òun alára á rìn lọ sórí òkìtì. Bó bá dé ibẹ̀, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Alàgbà á ní a dúpẹ́. Bọ́ládé á ní ṣé agbára ṣì wà, sà. Alàgbà á ní agbára Olúwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn tún fẹ́ fi tì í? Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà mọ̀ pé wọn kì í bá irú ìdáhùn yẹn jiyàn. Bọ́ládé á ní àmín, á yíjú padà, á padà síbi tó ti ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á sì pàdánù.

Ọmọ́bọ́láńlé yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó lè fi Yorùbá bú èèyàn dáadáa. Kò sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó le tó tirẹ̀ nínú gbogbo ìpele wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ti ju bọ́ọ̀lù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún nínú búlúpẹ̀nì, kò tíì ju ogún lórí òkìtì. Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wá dúró níwájú mánéjà.

“Uncle, ẹ kàn ń gbé mi kaná ni. Ẹ kì í bù mí.”

Bọ́ládé ní kó ṣe sùúrù, pé ìrírí àgbà ló ṣe pàtàkì nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì lọ bá ọ̀nà rẹ̀. Bọ́ládé mọ̀ pé irọ́ ni òun pa. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun nígbà tó délé.

Ẹni tí kò gba irọ́ rárá ni Rosemary, ìyá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá sínú ìwé. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí ajùbọ́ọ̀lù bá jù ló ń fa igi kan fún. Ó sọ fún Bọ́ládé, láìpariwo, pé àádọ́rin bọ́ọ̀lù ló tó ẹni ọdún Alàgbà, pé èyí tó bá lé lórí rẹ̀, ara ni wọ́n ń bù níbẹ̀. Ó ní bí kò bá lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kó fi iṣẹ́ mánéjà sílẹ̀ fún ẹni tó lè gbà á.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìdíje tó kẹ́yìn, ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìparí oṣù kẹjọ. Bí wọ́n bá pàdánù, ìpele ìsàlẹ̀ ló kù fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gba oorun lójú Bọ́ládé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé abala kẹfà á tún dé, òun á tún rìn lọ síbẹ̀, òun á sì tún padà lọ́wọ́ òfo.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ìjọ láàárọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Alàgbà ló ń lu agogo ìjọ wọn, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún. Agogo idẹ ni, ó wúwo. Bí àkókò àdúrà bá tó, Alàgbà á gbé e sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, yóò lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Bọ́ládé wà ní ìjókòó kejì, ó ń wo ẹsẹ̀ sòkòtò eré tó yọ lábẹ́ sùtánà funfun Alàgbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Alàgbà fọwọ́ kan agogo. Ó dúró díẹ̀. Ó wá yí ara padà, ó fi ọwọ́ òsì gbé e.

Agogo ró, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Bọ́ládé náà kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàdúrà. Ọkùnrin yìí ló ń ta ọmọ lẹ́gba nílé ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá fi ọwọ́ òsì na ìwé sí i. Kì í fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ ọmọ ọdún méjì. Kò ní fi gbé agogo Ọlọ́run bí èyí tó yẹ kó fi gbé e bá dára. Bọ́ládé mọ̀ ọ́n dájú pé apá Alàgbà ti bàjẹ́.

Ẹ ó wá ní kí ló dé tó tún fi í sí orí òkìtì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fẹ́ bá a sọ ọ́ nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé iná pupa, Alàgbà sì ní, “Bọ́ládé, lónìí ni a ó kó ìtìjú bá wọn.” Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dá a lóhùn? Ó ní àmín, sà. Ọ̀dẹ̀ ni nígbà mìíràn, kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Fún abala mẹ́rin, bọ́ọ̀lù Alàgbà ń yà bó ṣe máa ń yà. Àwọn tí wọ́n ń bá ta, ẹgbẹ́ kan láti òdìkejì odò, ń na afẹ́fẹ́ lásán. Nígbà tí abala karùn-ún parí, Herons ti jẹ ayò mẹ́fà, àwọn yẹn jẹ mẹ́ta. Bí abala kẹfà ti bẹ̀rẹ̀, onígi kan kú, Bọ́ládé sì fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló dúró sórí ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, Alàgbà kò sì rí bọ́ọ̀lù darí mọ́. Rosemary kò gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀. Ó kàn ní ó ti di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Bọ́ládé dìde, ó kọjá ìlà. Ó kí i kú iṣẹ́, ó bi í ṣé agbára ṣì wà. Agbára Olúwa ni. Ó padà.

Bọ́ọ̀lù kejì tí Alàgbà jù lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbá dé ẹsẹ̀ àwọn igi tó wà lẹ́yìn pápá, ẹni méjì sáré wálé, ayò di mẹ́fà sí márùn-ún. Ẹni kan ṣì wà níbùdó kejì, ẹni kan níbùdó kẹta. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù padà sí Alàgbà. Ọwọ́ òsì tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ló fi mú un, bó ti yẹ. Ó wá fi ọwọ́ òsì yẹn kan náà ti bọ́ọ̀lù bọ inú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó ń pa àwọn ìka rẹ̀ dé lé e lórí níkọ̀ọ̀kan, bí a ti ń di nǹkan sí ọmọ kékeré lọ́wọ́ kó má baà já bọ́.

Rosemary náà rí i. Ó bi Bọ́ládé léèrè pé kí ló ń bà á lẹ́rù lára ọkùnrin náà.

“Kò bà mí lẹ́rù,” ni Bọ́ládé wí. “Àpọ́nlé ni.”

Rosemary ní láti orí àga tí òun jókòó sí, òun kò rí ìyàtọ̀.

Òfin kan wà nínú eré yìí: mánéjà lè kọjá ìlà lọ bá ajùbọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú abala kan. Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ajùbọ́ọ̀lù yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bọ́ládé mọ òfin náà ju rẹfirí lọ. Ó dúró sẹ́yìn ìlà ẹfun náà. Ó ronú kan ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi báàgì rán. Ó ronú kan pálọ̀ Dagenham East. Ó wá ronú kan agogo, ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá.

Ní búlúpẹ̀nì, Ọmọ́bọ́láńlé kò mira. Bọ́ládé rìn lọ sórí òkìtì, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pupa níwájú tíṣà rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Rẹfirí rò pé ó dákú ni, ó ń pè pé kí wọ́n gbé àpótí ìtọ́jú wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lórí pápá ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

“Dìde, Bọ́ládé,” ni Alàgbà wí.

“Ẹ fún mi ní bọ́ọ̀lù, sà.”

Nígbà tí Alàgbà máa fèsì, ohùn Ẹ̀gbá rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé Bọ́ládé nìkan ló gbọ́ ọ.

“Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń retí rẹ.”

Ẹni tí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé lé e lórí láti súre fún un. Alàgbà fẹ́ gbé e. Apá náà dé ibi ìgbáròkó, ó dúró, kò lọ mọ́. Àwọn ìka rẹ̀ tú, bọ́ọ̀lù sì já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Bọ́ládé. Inú erùpẹ̀ ló ti mú un. Kò rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ́bọ́láńlé wọlé, ó pa onígi méjì láàárín bọ́ọ̀lù méje, ó tún pa mẹ́ta ní abala keje. Mẹ́fà sí márùn-ún ló parí sí, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìpele ìsàlẹ̀. Bọ́ládé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jó. Ilé ìwòsàn ló wà, ó jókòó ti Alàgbà lórí àga oníke. Dókítà ní iṣan ejìká ti ya. Ó ní yóò sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n apá náà kò ní ga kọjá etí mọ́ láéláé, pé ká ní wọ́n tètè mú un wá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni, ìsinmi oṣù kan ì bá ti tó o. Bọ́ládé bi Alàgbà pé kí ló dé tí kò fi sọ fún òun.

“O máa ń wá sórí òkìtì, o máa ń bi mí ṣé agbára wà, o sì máa ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún mi,” ni Alàgbà wí. “Mo ní ọmọ yìí kò ní ẹlòmíràn tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ tí mo kọ́ pé ó rẹ̀ mí?”

Bọ́ládé sunkún níbẹ̀, lójú àwọn aláìsàn. Oṣù mẹ́rin ni àwọn méjèèjì fi ń pọ́n ara wọn lé, apá kan ṣoṣo ló sì san gbèsè rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bọ́ládé wà ní ìjókòó kejì. Àkókò àdúrà tó. Alàgbà dìde, wọ́n ti fi aṣọ gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn lórí sùtánà. Ó fi ọwọ́ òsì mú agogo, gbogbo ìjọ ti ń múra àtikúnlẹ̀. Kò lù ú. Ó rìn wá síwájú Bọ́ládé, ó sì na agogo sí i. Ọ̀rọ̀ tó sọ, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń sọ fún àgbà ni, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Má bínú sí ọwọ́ òsì,” ni Alàgbà wí.

Bọ́ládé kúnlẹ̀. Kò bi í ṣé agbára ṣì wà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, lọ́gán, ó sì lu agogo lẹ́ẹ̀mẹ́ta.